Ìfẹ́ Nínú Fíìmù Olówó Pọ́ọ́kú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 1996, mo jókòó sí ọwọ́ ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Mo ń sunkún nínú, mo sì ń ríran. Fíìmù ìfẹ́ kan ni wọ́n ń fi fídíò gbé sára aṣọ funfun tí a ta mọ́ ògiri. Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó ni fíìmù náà, èmi ni mo sì kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ nínú rẹ̀. Nígbà tí eré dé ibi tí a gbójú lé jù, ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kúnlẹ̀ lábẹ́ igi, tí ó na òdòdó oníke sí ọ̀dọ́mọbìnrin, tí ó sì wí pé, "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, n kò lè gbé láìsí ìwọ," gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan tí ó wà níwájú ni ó kọ́kọ́ la ẹnu: "Ewé wo ló tún fún un yẹn? Ṣé kó lọ fi sebẹ̀ ni?" Láti ìgbà náà títí eré fi parí, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ohun tí olólùfẹ́ méjèèjì ń bá ara wọn sọ mọ́.

Eré apanilẹ́rìn-ín kọ́ ni a ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ti ná owó tí kì í ṣe tirẹ̀ sórí iṣẹ́ náà. Ìyàwó rẹ̀, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ó yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ya gbogbo fíìmù náà, nínú ilé kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán tí a háyà. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré gbà. Nígbà tí àwọn ènìyàn tú ká lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí gbogbo wa ń sọ fún ara wa ni pé owó ni kò tó. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, ó sì tó ọdún mélòó kan kí n tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Ìtàn eré àti sinimá ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó yí mi lọ́kàn padà, òun náà ni mo sì fẹ́ tọ̀ díẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Sinimá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a ti fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall. Àwòrán òkèèrè ni, ìran òkèèrè ni ó sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìjọba amúnisìn rí i pé irinṣẹ́ ni sinimá. Láti ọdún 1939 ni ẹ̀ka tí wọ́n dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, Colonial Film Unit, ti ń fi fíìmù kéde ogun àti ìmọ́tótó fún àwọn tí ó wà lábẹ́ àṣẹ wọn. Láti 1903 náà, ó gba ọdún 73 kí a tó wo fíìmù tí ó fi èdè Yorùbá ṣe èdè ara rẹ̀. Àjàní Ògún ni fíìmù ọ̀hún, ọdún 1976 ni ó jáde, Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love sì ni aṣáájú òṣèré.

Kí fíìmù tó dé, orí ìtàgé ni eré wà. Ọdún 1944 ni Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ kan ní Èkó. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ wo orúkọ díẹ̀ nínú àwọn eré rẹ̀: Strike and Hunger ní 1945, Tiger's Empire ní 1946, Yorùbá Ronú ní 1964. Orúkọ wọn nìkan tó láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìlú ni ó jẹ ẹ́ lógún ju ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ méjì lọ. Dúró Ládiípọ̀ fi Ọba Kò So gbé ìtàn Ṣàngó dìde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà "ìfẹ́" sì wọ àkọlé eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Ìfẹ́ Owó ni àkọlé ọ̀hún. N kò sọ pé ọkọ àti aya kò sí nínú eré wọn. Wọ́n wà níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni ìfẹ́ máa ń jókòó sí. Agbára, owó, àyànmọ́ àti ìlara ni wọ́n máa ń gbé sí àárín.

Bákan náà ni ó rí nígbà tí àwọn òṣèré orí ìtàgé gun orí fíìmù. Àjàní Ògún ní orin, ó ní ijó, ó sì ní ọ̀dọ́mọbìnrin tí a ń jà lé lórí, ṣùgbọ́n ìjà ọdẹ pẹ̀lú òṣèlú oníjẹkújẹ ni ó gbé ìtàn náà ró. Ògúndé fi Aiyé ní 1979 àti Jáíyésimi ní 1980 sọ ìtàn ìjà ire àti ibi, àjẹ́ àti oníṣègùn. Àwọn ènìyàn wọ́ tìrítìrí lọ wò wọ́n. Ọmọdé ni mo jẹ́ nígbà náà, mo sì rántí bí a ti ń ya eégún bo ara wa lẹ́yìn ilé, tí a ń pe ọfọ̀ tí a kò mọ̀ dáadáa.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù náà ní àsìkò yìí kò rọrùn. Òkèèrè ni wọ́n ti ń ra ìwé fíìmù tútù, òkèèrè náà, pàápàá Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Bí ó bá dé tán, olówó rẹ̀ á gbé e sínú ọkọ̀, á máa gbé e kiri láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbé ẹgbẹ́ òṣèré kiri tẹ́lẹ̀, nítorí pé bí ó bá fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, owó ẹnu ọ̀nà lè má délé. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo èyí ń jẹ. Ní ọdún 1985, náírà 1 ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà 1 lọ. Ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a ń pè ní SAP jáde ní 1986. Ní 1987, dọ́là 1 ti di nǹkan bíi náírà 4. Nígbà tí yóò fi di 1993, ó ti tó nǹkan bíi náírà 22 ní iye tí ìjọba fi ń ṣe é. Ta ni yóò tún gbé fíìmù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Àwọn kan sá sí fíìmù tí kò ní nẹ́gátíìfù, tí ó jẹ́ pé èyí tí a yà náà ni a ó gbé sínú ẹ̀rọ, bí ó bá sì ti họ, ó họ náà nìyẹn. Àwọn mìíràn, tí Muyideen Aládé Arómirẹ́ wà lára wọn, gba ọ̀nà fídíò láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ògúndé papò dà ní 1990. Ní 1992, Kenneth Nnebue, oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti ná owó rẹ̀ sórí fídíò Yorùbá ṣáájú, gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò. Ọjà kásẹ́ẹ̀tì sì ṣí gbayawu.

Mo tẹnu mọ́ ìtàn yìí kí ó lè hàn sí wa kedere pé òṣì ni ó bí fídíò Yorùbá. Gbogbo wọn ni ó jẹ́ ọmọ òṣì. Bí ó bá jẹ́ àìtó owó ni ó ń sọ fíìmù di aláìládùn, gbogbo wọn ni ì bá tẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1993, Túndé Kèlání fi fídíò ṣe Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, ìtàn àwọn tí wọ́n ta ilẹ̀ tí kò ṣeé tà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé epo sórí rẹ̀. Kárímù Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ni ó kó ipa Ọ̀tún. Kò sí ẹni tí ó béèrè iye tí wọ́n ná. Ọ̀rọ̀ ni ó gbé eré náà. Ìjókòó ìgbìmọ̀, ìbúra, ìjiyàn, ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀rù ẹni tí ó ti jẹ ohun tí kò yẹ kí ó jẹ, gbogbo rẹ̀ ni Yorùbá ti ní ohùn fún kí ẹ̀rọ ayàwòrán tó dé. Oníṣègùn inú eré ní ọfọ̀. Aláwàdà ní ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ó ń pẹjọ́ ilẹ̀ ní òwe. Bí owó bá tán lọ́wọ́ olóòtú, èdè á di í mú.

Nígbà tí ó kan olólùfẹ́ tiwa, kí ni a fi lé e lọ́wọ́? Òdòdó oníke.

Ibi tí a ti rí òdòdó náà kò ṣòro láti tọ́ka sí. Láti bí ọdún 1960 síwájú ni àwọn ilé sinimá ìlú ńlá wa ti ń fi fíìmù Íńdíà hàn léraléra pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà àti ti Hong Kong. Àwa ọmọdé ń kọ orin Íńdíà láìmọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Olólùfẹ́ inú wọn a máa sá yí igi ká, òjò a máa rọ̀ sí wọn lára, orin a sì ta lójijì. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní orísun nínú eré orí ìtàgé àti orin ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ó wò ó ní Bombay mọ ìdí tí orin fi ta. Àwa gé ẹ̀ka, a fi gbòǹgbò sílẹ̀, a gbé e rí mọ́ àgbàlá ilé kan ní Ìbàdàn, ó sì yà wá lẹ́nu pé ó rọ.

Ti ọ̀rọ̀ ẹnu tilẹ̀ burú ju ti òdòdó lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà "fẹ́" ń ṣiṣẹ́ mẹ́ta fún wa: kí nǹkan wuni, kí a ní ẹni nínú ọkàn, kí a sì gbéni níyàwó. Nítorí náà, ọkùnrin tí ó bá dédé dúró síwájú ọmọbìnrin tí ó ní òun fẹ́ ẹ ti sọ ohun ńlá, ó sì ti sọ ọ́ láìní ẹlẹ́rìí. Ní tèmi, "ìfẹ́" gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń kéde jáde lẹ́nu gba agbára púpọ̀ láti inú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, àti láti inú orin ìjọ. Ìdí nìyí tí gbólóhùn tí mo kọ sí ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi dún bí àdúrà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi rò ó, ohùn ìwàásù ni mo fi sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣaláìní. Kí ìgbà tó yí padà, ìfojúsóde ni ó ń ṣáájú, ìwádìí a tẹ̀ lé e, alárinà a sì bọ́ sí àárín. Iṣẹ́ alárinà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ tí ó wúwo lẹ́nu ọmọkùnrin, òun ni ó ń gbé ìdákẹ́jẹ́ ọmọbìnrin padà, tí ó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin kì í dáhùn bọ̀rọ̀; ìdí nìyí tí ìgbésẹ̀ kan nínú ètò náà fi ń jẹ́ ìṣíhùn, ìgbà tí a bá ṣí i lóhùn. Ẹ ro bí eré ti pọ̀ tó níbẹ̀: ẹnìkan ń retí ohùn, ẹnìkan mọ̀ pé wọ́n ń retí ohùn òun, ẹni kẹta sì ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tí ojú bá mọjú tán, alárinà á yẹ̀bá, ìyẹn náà sì ní ìrora tirẹ̀.

Àrokò ńkọ́? Ó wà nínú àkọsílẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé bí ènìyàn bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, "ẹẹ́fà" ni ó wí, ìyẹn ni pé ọkàn òun fà sí onítọ̀hún. Bí ọkàn ẹni náà bá gbà á, owó ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dáhùn: "ẹẹ́jọ", ọ̀rọ̀ wa jọ. Owó ẹyọ mẹ́rìnlá péré ni gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí gbà. Òdòdó oníke tí a rà ní ọjà Dùgbẹ̀ wọ́n jù ú lọ.

Oríkì tún wà. Ọkùnrin tí ó ń jẹ́ Àjàní, a ti wí fún un pé a jà kí a tó ní i. Obìnrin tí ó ń jẹ́ Àṣàkẹ́, a ṣà á kí a lè kẹ́ ẹ ni. Nígbà tí obìnrin bá fi orúkọ yìí pe ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó sì fi oríkì ìdílé rẹ̀ tẹ̀ lé e, kò tún ku ohun tí yóò sọ mọ́. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, ìyàwó a máa sun ẹkún lọ sílé ọkọ, a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, a máa bẹ̀rù ilé tí kò mọ̀, gbogbo rẹ̀ ní ohùn dídùn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé oyin ni gbogbo ayé àtijọ́. A fi ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin fún ọkọ kí wọ́n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, a kò sì ṣí wọn lóhùn rárá. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ gba agbára láti tú ìgbéyàwó ká ní àkókò ìjọba amúnisìn, àwọn obìnrin ni ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí pé ìfẹ́ wà, ó sì ní ọ̀tá. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn ìfẹ́ fún fíìmù, kò yẹ kí ó wá a kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́ náà.

Àwọn òǹkọ̀wé wa kò sùn. I. B. Thomas ti fi lẹ́tà sọ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 sí 1930, tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi gbà pé ènìyàn gidi ni obìnrin náà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú jáde ní 1974: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ní 1997, ọdún kan lẹ́yìn ìtìjú tiwa, Túndé Kèlání sọ ìwé náà di fíìmù. Fídíò ni òun náà. Mo lọ wò ó, mo jókòó sí ẹ̀yìn bí ìṣe mi, mo ń retí ẹ̀rín. Ẹ̀rín wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí ó dá ara rẹ̀ mọ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ ń fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń bínú, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí ibi dé, gbogbo wa dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìró àti bùbá kúkúrú ayé àtijọ́ tún di àṣà, tí àwọn aránṣọ sì ń pè é ní òlékú títí di òní. Ìfẹ́ inú fíìmù kan ti wọ ara ènìyàn gẹ́gẹ́ bí aṣọ.

Ibí ni mo ti rántí ohun tí mo ti fẹ́ gbàgbé. Nínú fíìmù tiwa, ìyá kan wà tí ó kó ipa ìyá ọmọbìnrin. Ó ti bá ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé rin ìlú fún bí ogún ọdún. Nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òṣèré. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipa, oníkálukú á sì fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ rẹ̀, alẹ́ kan á máa tún ti àná ṣe. Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́, ó wò mí, ó ní, "Tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹnu mi ṣe máa sọ ọ́." Mo ní rárá, ohun tí a kọ ni a ó sọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè yunifásítì àkọ́kọ́ nínú èdè Yorùbá ni.

Ní àkókò ìsinmi, ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò kúnlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, wọn kì í dúró síwájú ọmọ ọlọ́mọ bí ọlọ́pàá tó fẹ́ gba gbólóhùn sílẹ̀. Béèrè ìyá rẹ̀. Sọ pé ọ̀nà oko ló gbé ọ gba ibí. Ó máa mọ̀ pé irọ́ ni, torí oko yín ò sí lọ́nà ibí. Tó bá ti rẹ́rìn-ín, máa lọ sílé, má sọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀la ni kó o tún padà wá ṣìnà." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a jẹun tán, a padà sídìí iṣẹ́. A kò tan ẹ̀rọ nígbà tí ó ń sọ ọ́. Ìran tí ó dára jù lọ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a fi jẹ ìrẹsì.

Kì í ṣe owó ni kò tó, nígbà náà. Owó kò tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ni a kọ̀. Ó sì dùn mí pé kì í ṣe ẹni tí kò kàwé ni ó kọ̀ ọ́. Àwa tí a ń kọ́ni ní àrokò àti oríkì nínú kíláàsì, a máa ń fi wọ́n sílẹ̀ sí kíláàsì nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkàn ara wa, bí ẹni pé ìdánwò nìkan ni wọ́n wúlò fún.

Lónìí, kásẹ́ẹ̀tì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ń bá jáde, àwòrán wọn sì mọ́ ju tiwa lọ fíìfíì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa gbé ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n fẹ́ yà wá fún mi kí n bá wọn wò ó. N kì í béèrè iye owó tí wọ́n ní. Ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: "Ta ni alárinà?" Àwọn kan a rò pé mo ń ṣe àwàdà. Àwọn mìíràn a gba ìwé wọn padà, wọn a lọ tún un kọ.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi, kásẹ́ẹ̀tì tí kò tà náà wà lábẹ́ ibùsùn wọn fún ọdún méjì. Oṣooṣù ni a ń yọ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kúrò nínú owó oṣù ìyàwó rẹ̀ títí gbèsè fi tán. N kò gbọ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ náà bú ọkọ rẹ̀ rí, n kò sì gbọ́ kí ó sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ta gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà fún ayàwòrán kan ní àdúgbò wọn, ẹni tí ó pa eré wa rẹ́ kúrò lára wọn, tí ó sì fi wọ́n ya ìgbéyàwó àwọn ènìyàn.